Mo lérí ìwé 52: àkọsílẹ̀ ọdún kan láàrin Agége àti Èkó

Oṣù kìíní, ọjọ́ 4

Ẹ jẹ́ n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ọdún tuntun, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ ń jẹ ìrẹsì àná, ló bá bi mí pé ìwé mélòó ni mo kà lọ́dún tó kọjá, mo ronú títí, méjì péré ló wá sí mi lọ́kàn, mi ò sì ka ọ̀kan nínú ẹ̀ parí. Èmi tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ìwé ni mo fi ń gbádùn ara mi! Ojú tì mí o. Níbi tí mo jókòó sí yẹn náà ni mo ti ṣí Goodreads lórí fóònù, ibi tí wọ́n ti máa ń bi èèyàn pé ìwé mélòó ló fẹ́ kà lọ́dún yìí, mo sì tẹ 52. Ìwé kan lọ́sẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, "52? Ìwọ tí mo máa fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí, tí wàá dáhùn ìlà àkọ́kọ́ nìkan?"

Akáńtì ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Broad Street, torí náà Excel ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ìwé 52, ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé 250, ó di 13,000. Pín in sí ọjọ́ 365, ó ń lọ sí bíi 36 lójúmọ́. Mo ní kí ni 36 fẹ́ fi mí ṣe? 18 láàárọ̀, 18 nírọ̀lẹ́, ó parí. Ẹ rántí ìṣirò yìí o.

Oṣù kìíní, ọjọ́ 19

Inú ọkọ̀ ni mo fọkàn sí pé màá ti máa kàwé, torí Agége ni mò ń gbé, Èkó ni iṣẹ́ wà. Tíréènì Red Line ni mò ń wọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹwàá ọdún 2024, kìlómítà 27, ibùdó mẹ́jọ, Ọ̀yìngbò ló parí sí. Láti Agége tèmi, á kan Ìkẹjà, Òṣòdì, Mùṣin, Yábàá, kó tó gúnlẹ̀. Tí mo bá ráàyè jókòó, ojú ìwé mẹ́wàá sí méjìlá á ti lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí mi ò bá ráàyè, ọwọ́ kan á di irin mú, ọwọ́ kejì á di ìwé mú, ta ni yóò wá bá mi ṣí i? Àtàǹpàkò mi ti ń kọ́ iṣẹ́ tuntun.

Ọ̀yìngbò ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ dánfó láti ibẹ̀ lọ sí CMS rí mọ̀ pé wọn ò kọ́ ọ fún ìwé kíkà. Orúnkún ẹnìkan ń gún ọ lẹ́yìn, báàgì gaàrí ẹlòmíì ń bẹ lórí ẹsẹ̀ rẹ, kọ̀ńdọ́ ń pariwo "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" sí ọ létí bí ẹni pé ìwọ nìkan ni ò ní ṣéńjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbìyànjú ẹ̀ lórí Carter Bridge, lẹ́ẹ̀kẹta yẹn mo ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, títí a fi sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú Excel: dánfó, òdo.

Oṣù kejì, ọjọ́ 23

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ rèé, ìwé mẹ́jọ ló yẹ kó wà nílẹ̀. Mẹ́rin ló wà, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwé àwòrán tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbàgbé sílé mi, ìtàn ewúrẹ́ kan tí ò fẹ́ wẹ̀. Mo kà á níbi tí mo ti ń dúró de omi kó gbóná. Mo sì kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹnikẹ́ni ò béèrè.

Èyí tó burú jù ni pé mo ti ń sáré. Mo máa ń wo nọ́ńbà ojú ìwé ju ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lọ, tí orí ìwé kan bá ti gùn mo máa ń bínú sí ẹni tó kọ ọ́. Lánàá ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ ohun tí ìwé kẹta dá lé lórí, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé èèpo ẹ̀ jẹ́ búlúù.

Oṣù kẹta, ọjọ́ 15

Mo ti tú u palẹ̀. Mo yọ ewúrẹ́ kúrò. Mo fi 24 rọ́pò 52, mo sì fi òfin kan sí i pé méjìlá nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Yorùbá, torí nígbà tí mo wo àkọsílẹ̀ mi, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀, láti ìgbà tí mo ti ṣe WAEC mi ò rántí pé mo fọwọ́ kan ìwé Yorùbá kankan yàtọ̀ sí ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mẹ́rin ti wà nílẹ̀, ó ku ogún, ojú ìwé 200 níkọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 291 ló kù. Ó ń lọ sí bíi 14 lójúmọ́. Èyí jọ ohun tí èèyàn lè ṣe.

Ọjọ́ Sátidé kan náà ni mo gba Yábàá lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé tókunbọ̀ lẹ́bàá títì. Ẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ máa fọwọ́ tú u ni, ìwé JAMB ló pọ̀ jù, lẹ́yìn ẹ̀ ìwé bí èèyàn ṣe ń di olówó. Mo rí Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, mo rí méjì míì, mo wá rí ọ̀kan tí ò ní èèpo. Kò ní orúkọ, kò ní ẹni tó kọ ọ́. Ojú ìwé 9 ló ti bẹ̀rẹ̀, 142 ló já sí, kò tiẹ̀ parí gbólóhùn tó ń sọ lọ́wọ́. Màálù gan-an ò lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní bàbá, èyí ńkọ́, wọ́n ní mú un lọ ní 500. Mo sọ ọ́ ní Kòlórí-kònírù.

Oṣù kẹrin, ọjọ́ 13

Mo ka Àjà Ló Lẹrù tán ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọdún 1969 ló jáde, ìtàn ọ̀daràn àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ló ń tọ ipa wọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá Ọ̀yìngbò lọ́jọ́ kan torí ẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ibẹ̀ ni ọ̀nà parí sí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tó ń dà mí láàmú. Mo fi aago fóònù wọn ara mi. Ojú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan, ìṣẹ́jú méjì. Ojú ìwé Yorùbá kan, ìṣẹ́jú márùn-ún! Èdè tí mo fi ń bú ẹni tó bá gé mi lẹ́nu lórí ìlà ATM. Ojú mi ò mọ̀ ọ́n ni, etí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Èyí tí ò lámì tiẹ̀ wá burú, torí Kòlórí-kònírù jẹ́ ìwé àtijọ́, àkọtọ́ tí wọ́n ń lò ṣáájú ti ọdún 1974 ni wọ́n fi kọ ọ́, gbogbo ẹ̀ "enia", "aiye", "nwọn", "ẹiyẹ", àmì ohùn ò sí lórí ìlà mẹ́wàá léra. Mo ka ojú ìwé mẹ́fà, orí fọ́ mi, mo gbé e tì.

Oṣù karùn-ún, ọjọ́ 11

Màámi ti wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ojú wọn ti ń ṣú, dókítà ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ń dúró kó kàn wọ́n, ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò máa gbé títí dìgbà náà. Aránṣọ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ogójì ọdún ó lé lórí ẹ̀rọ, ẹ wá wo bó ṣe máa ń rí lára wọn pé wọn ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́.

Lánàá wọ́n mú iná lọ. Mo jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú làǹtà oníbàtìrì, Kòlórí-kònírù lọ́wọ́, mò ń kà á wúyẹ́wúyẹ́ torí pé tí mi ò bá gbọ́ ọ létí mi ò lè mọ ohun tó ń sọ. Ọkùnrin inú ìtàn náà ń lọ gba gbèsè ní ìlú kejì, ara ẹ̀ ò yá, ìwé náà wá kọ ọ́ pé "o mu agbo". Mo kà á jáde: ó mú àgbò. Ohùn kan jáde láti inú yàrá, tí mo rò pé wọ́n ti sùn:

"Aláìsàn wo ló ń mú àgbò dání? Ó mu àgbo ni!"

Mo ní, "Màámi, ẹ ò tíì sùn?"

Wọ́n ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn, ìwọ ń da ìtàn rú. Padà sẹ́yìn, láti ibi tí wọ́n ti kí ara wọn."

Mo padà sẹ́yìn. A ka ojú ìwé mẹ́jọ, wọ́n tún mi ṣe ní ibi mọ́kànlá (mo kà á, akáńtì ni mí). "Nwọn" àti "enia" yẹn ò tiẹ̀ ṣe wọ́n ní nǹkankan, torí Bíbélì àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ ìwé kíkà lọ́wọ́ ìyá tiwọn, Bíbélì Yorùbá yẹn ti wà lódindi láti 1884, ojú wọn ti mọ bó ṣe ń kọ̀rọ̀ kí n tó dáyé. Tí iná bá wà ni, fíìmù ni mi ò bá máa wò. Àfi kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn NEPA, ẹ má sọ fún wọn.

Oṣù kẹfà, ọjọ́ 8

Ètò tuntun: ogún ìṣẹ́jú lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ilẹ̀kùn á ti wà ní títì. Ojú ìwé márùn-ún sí mẹ́fà ni. Excel sọ fún mi pé lọ́nà yìí mi ò lè dé 24 láéláé. Mo pa Excel dé.

Oṣù keje, ọjọ́ 6

Àtúnṣe Kòlórí-kònírù. Mo fẹ́ kọ èyí dáadáa torí mo bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìgbà àkọ́kọ́: ewé ìwé ti ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bá lọ ra súpà gúlù, gọ́ọ̀mù tó máa ń tètè gbẹ yẹn, mo rẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ìwé, mo fi okùn dì í. Lọ́jọ́ kejì ó le bí igi. Inú mi dùn. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó dá sí ọ̀nà mẹ́ta. Gọ́ọ̀mù yẹn tó bá ti gbẹ kì í tẹ̀, ẹ̀yìn ìwé sì gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí i. Màámi tí ojú wọn ò ríran gbọ́ ìró ẹ̀, wọ́n ní, "O ti lẹ aṣọ dípò kí o rán an."

Ìgbà kejì wọ́n jókòó tì mí. Mo fi ọ̀bẹ ha gbogbo gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, ìrọ̀lẹ́ odindi kan ló gbà. Mo to ewé ẹ̀ dọ́gba, mo gbọ̀n ọ́n lórí tábìlì kí ẹ̀yìn ẹ̀ lè tò gbọọrọ, mo fi pákó méjì há a láàrin, mo gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e. Mo wá fi ayùn irin fa ojú ẹ̀ ní ibi márùn-ún lẹ́yìn, kò jìn ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Gọ́ọ̀mù funfun ti kápẹ́ńtà ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, mo tẹ́ òwú sínú ojú márààrún. Òwú yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ o! Mo fẹ́ lo òwú ìránṣọ lásán, wọ́n ní rárá, wọ́n ní kí n mú èyí tí wọ́n fi ń rán kọ́là agbádá, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi àbẹ́là fá a kó má baà máa hu irun. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń wò ó, wọ́n á fìka tọ́ ẹ̀yìn ìwé láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní, "Ìkẹta ò le tó." Mo wò ó, ìkẹta ò le tó lóòótọ́.

Mo lẹ báńdéèjì lé e, mo tún fi gọ́ọ̀mù kùn ún. Wọ́n ní alẹ́ kan ló fi ń gbẹ, ṣùgbọ́n òjò oṣù keje Èkó, gbogbo afẹ́fẹ́ tutù, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà. Páálí indomi ni mo gé ṣe èèpo, àjákù àǹkárá tó wà nísàlẹ̀ àpótí wọn la fi bò ó. Ní báyìí ó ṣí, ó sì padé láìké. Òun ni ìwé tó dára jù lórí ṣẹ́ẹ̀fù mi, kò sì lórúkọ.

Oṣù kẹjọ, ọjọ́ 24

Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún fún Màámi, ó yọrí sí rere. Wọn ò gbọdọ̀ tẹ orí mọ́lẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ ra á, torí náà kíkà alẹ́ ló kù tí wọ́n fi ń ṣeré.

Ìtàn Sẹ̀gilọlá la wà lórí ẹ̀. Ìwé tó dára fún ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ nìyẹn, torí pé lẹ́tà lẹ́tà ni, I. B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó ló ń gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ láàrin 1929 sí 1930, bí ẹni pé obìnrin kan nílùú Èkó ló ń kọ̀wé sí òun nípa ayé tó ti fi ṣòfò. Mo sọ fún Màámi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ìgbà náà ló gbà pé Sẹ̀gilọlá wà lóòótọ́. Wọ́n ní, "Ta ló ní kò sí?" Mo ní ọkùnrin tó ni ìwé ìròyìn ló jókòó kọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló sọ ọ́ fún ọkùnrin yẹn?" Mi ò ní èsì. Wọ́n tún bá mi jà nígbà tí mo ní ó ti di ìwé ní 1930, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà, torí ohun tí wọ́n kọ́ wọn níléèwé ni pé Fágúnwà ló kọ́kọ́ dé. Títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ èyí, wọn ò tíì gbà.

Oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ 28

Wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ mi láti ojú fèrèsé dánfó ní Ìdúmọ̀tà. Excel wà nínú ẹ̀, mi ò sì tọ́jú ẹ̀dà kankan síbòmíì. Akáńtì o!

Ìwé tó wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà ni ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, òun ni mò ń kà nínú tíréènì látoṣù kẹjọ, ó lé ní ojú ìwé 600, ó ti já okùn báàgì mi lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà nìyẹn. Bàbá yẹn parí iṣẹ́ ẹ̀ ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ìlú òyìnbó, ó sọ nù síbẹ̀, bàbá kú ní 1901, àbúrò ẹ̀ Obadiah tó jẹ́ dókítà ló wá jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù, ó tún un tò, òun náà ti kú kó tó jáde ní 1921. Èmi wá ń sunkún nítorí Excel tó ní ìlà mẹ́tàlá.

Nínú èèpo ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ni mo ti máa ń fi bírò kọ ọjọ́ tí mo parí ẹ̀, mo bá kó gbogbo wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo tún un kọ sínú nóòtì. Ẹyọ kan ni mi ò rí ọjọ́ ẹ̀, Màámi ló rántí, wọ́n ní ọjọ́ tí a jẹ ẹ̀fọ́ tó níyọ̀ jù ni. Mi ò padà sí Excel mọ́.

Oṣù kọkànlá, ọjọ́ 16

Ojú òsì náà ti là. Mo rò pé ibi tí kíkà parí sí nìyẹn, pé wọ́n á gba ìwé wọn. Wọ́n gbà á lóòótọ́, wọ́n fi awò sójú, wọ́n ka ojú ìwé kan geere, kò kàn wọ́n bóyá àmì wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Wọ́n wá gbé e fún mi. "Ó kàn ọ́." Báyìí la ṣe ń ṣe é, ojú ìwé kan wọn, ojú ìwé kan èmi. Èmi náà ti di ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Wọ́n ní ká tún Kòlórí-kònírù kà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ojú àwọn ò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kìíní, ó sì dá wọn lójú pé èmi ni mo fo ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tó jẹ gbèsè yẹn. Mi ò fo nǹkankan. Àmọ́ mo kà á.

Oṣù kejìlá, ọjọ́ 30

Ìṣirò ìkẹyìn. Gẹ̀ẹ́sì mẹ́sàn-án, Johnson wà nínú ẹ̀. Yorùbá tí mo dá kà, méjì. Yorùbá tí àwa méjèèjì jọ kà, mẹ́fà. Ó di 17. Mo ní n ò ní ka Kòlórí-kònírù mọ́ ọn torí kò parí, "o si ṣi ilẹkun, o ri" ló já sí, ohun tó rí kò sí níbẹ̀.

Màámi ń di ẹrù lọ sí Ìjẹ̀bú lọ́wọ́, wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń kà á jáde. Wọ́n ní kí ni mo kọ síbẹ̀. Mo ní 17. Wọ́n ní ìwé aláǹkárá yẹn ńkọ́, mo ṣàlàyé. Wọ́n ti abẹ́rẹ́ bọ àpò.

"Kọ ọ́ sí 19."

"Màámi, ìwé kan ni."

"Ẹ̀ẹ̀mejì la kà á."

Mo kọ ọ́ sí 19.